Ogún Ìṣẹ́jú Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Kumasi

Mo kí yín ní Zongo, mo kí yín ní Asafo, mo kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Kejetia. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin tí àwọn baba yín ti fi Kumasi ṣe ilé, ẹ kú àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Ìbàdàn, láti Èkó àti láti Kútọnu, ẹ má yí rédíò yín kúrò. Ọ̀rọ̀ tòní kàn yín.

Ọ̀sẹ̀ Òfurufú Àgbáyé ń bọ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Ọdọọdún ni, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 10. Ọjọ́ 4 ni wọ́n fi ń rántí Sputnik, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó yí ayé ká, èyí tí àwọn ará Soviet jù sókè ní 1957. Ọjọ́ 10 sì ni wọ́n fi ń rántí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967, èyí tó sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ sọ pé òun ló ni òṣùpá. Lásìkò yẹn ni àwọn ilé-ìwé máa ń wá ẹni tí yóò bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bí o bá jẹ́ ẹnjiníà, tàbí o ń tún rédíò ṣe, tàbí àdúgbò kàn mọ̀ ọ́ sí ẹni tó máa ń kàwé, olórí ilé-ìwé á ránṣẹ́ sí ọ: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa yọjú sí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ogún ìṣẹ́jú péré ni.” Èèyàn á sì gbà, á wá délé, àyà á já. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí. Àlejò á gbé kọ̀ǹpútà wá, àwòrán á kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà: rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, àsíá Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà nínú aṣọ funfun. Á ní kí àwọn ọmọ ka orúkọ plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tẹ̀ lé òun. Wọ́n á kà á bí wọ́n ṣe ń ka táàbù. Bí dumsor bá wá mú iná lọ láàárín kan, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, nítorí inú ẹ̀rọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí iná ò tilẹ̀ lọ, ohun tí ọmọ yóò gbé relé ni pé òfurufú jẹ́ ohun ìní àwọn ará ibòmíràn. Èyí gan-an ni ìjà tí mo bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jà.

Ní Kumasi, kò sídìí tí èèyàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Òfurufú ti wá kí ìlú yín rí, ojú ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ wọ ọkọ̀ tròtrò, ẹ gba ọ̀nà Kuntanase. Nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí ìlú ni ẹ ó gun òkè kan, ẹ ó sì rí omi Bosumtwi tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé Abono. Bí ẹ bá wà níwájú àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: “Ta ló ti dé Bosumtwi rí?” Ọwọ́ á lọ sókè. Ọ̀pọ̀ wọn ti bá òbí wọn lọ ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ wá béèrè ìkejì: “Kí ló gbẹ́ ibẹ̀?” Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa méfò.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, òkúta ńlá kan já wá láti òfurufú, ó sì balẹ̀ gbì sórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Asante lónìí. Kòtò tó gbẹ́ fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá àtààbọ̀ láti etí kan dé èkejì. Òjò rọ̀ sínú rẹ̀, ó di adágún tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Òkè tí tròtrò gùn yẹn, tí ẹ́ńjìnnì ń ké lórí rẹ̀, etí kòtò náà ni. Nínú gbogbo ayé, irú kòtò bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ sí pé òkúta òfurufú ló gbẹ́ ẹ kò ju nǹkan bí igba lọ. Ọ̀kan wà ní ẹ̀bá ilé yín.

Ọmọ kan tó gbọ́n á béèrè pé ta ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ béèrè rẹ̀, nítorí ìbéèrè yìí níye lórí ju gbogbo àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà lọ. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé òkè ayọnáyèéfín ló wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí ọdún 1960 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá lọ ni wọ́n rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní coesite nínú òkúta ibẹ̀. Irú ẹ̀yà ohun tó wà nínú yanrìn ni, àmọ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó le kọjá ààlà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, òkè ayọnáyèéfín ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí kan nìyẹn. Èkejì wà ní Côte d'Ivoire. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí àwọn ègé dígí dúdú kéékèèké nínú ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó rọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí ọjọ́ orí wọn, ó bá ti kòtò Bosumtwi mu. Ilẹ̀ Asante ló yọ́ lọ́jọ́ náà bí epo, tó ta sókè, tó dì nínú afẹ́fẹ́, tó sì lọ balẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́nà jíjìn réré.

Ẹ tún lè fi kún un fún àwọn ọmọ JHS, ìyẹn ilé-ìwé girama kékeré, pé ní 2004 àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ sórí omi náà, wọ́n sì fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọ̀pá gígùn-gígùn. Ọdọọdún ni ẹrẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ohun tó dà á rú, nítorí náà ìtàn òjò àti ọ̀dá ilẹ̀ wa láti mílíọ̀nù kan ọdún wà nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Níbí yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin alákọ̀wé. Àwọn àgbà Asante ní ìtàn tiwọn nípa omi náà. Wọ́n ní ní 1648, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Akora Bompe àti ajá rẹ̀ ń lé ẹtu kan tó ti fara gbọgbẹ́. Ẹtu náà kó sínú omi kékeré kan, ó sì pòórá mọ́ wọn lójú. Láti ìgbà náà ni omi ti di ohun ọ̀wọ̀. Irin kì í kan omi náà láyé àtijọ́, apẹja ibẹ̀ kì í sì í wọ ọkọ̀. Orí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní padua ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa omi. Ẹ má fi ìtàn yìí ṣẹ̀sín níwájú ọmọ. Ìtàn àgbà ń sọ bí èèyàn ṣe kọ́kọ́ bá omi náà pàdé, ti onímọ̀ ń sọ ohun tó gbẹ́ ilẹ̀ kí èèyàn tó dé. Ọmọ tó ní ìyá àgbà ní Abono lè gba méjèèjì mọ́ra. Bí ẹ bá fi ọ̀kan na èkejì, ìyá àgbà ni yóò gbà gbọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti lo ìṣẹ́jú méje báyìí. Ẹ jẹ́ ká gòkè.

Kò sí ọmọ Asante tí kò mọ ìtàn ìyá arúgbó tó ń gún fufu. Onyankopon, ìyẹn Ọlọ́run, wà nítòsí ilẹ̀ nígbà náà, ọmọ odó ìyá yìí sì ń gbá A ní gbogbo ìgbà, títí Ó fi bínú gòkè lọ. Ìyá wá ní kí àwọn ọmọ òun kó odó jọ, kí wọ́n tò wọ́n lé ara wọn kí wọ́n lè bá A. Wọ́n tò ó, ó ku odó kan ṣoṣo. Ìyá ní kí wọ́n yọ ti ìsàlẹ̀ pátápátá kí wọ́n fi dí i lókè. Ẹ mọ èyí tó kù. Àwa Yorùbá náà ní ìtàn ìgbà tí sánmà sún mọ́ ilẹ̀, àmọ́ mo gbà pé ti odó yìí dára jù fún iṣẹ́ tòní, nítorí ohun tí ìyá yẹn fẹ́ ṣe gan-an ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ti ìsàlẹ̀ ló ń yọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tó gbé àwọn èèyàn lọ sí òṣùpá ní 1969 ga tó nǹkan bí 110 mítà. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jó epo tirẹ̀ tán kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, wọ́n sì já a dànù sínú òkun. Apá kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo gíga yẹn, yàrá kékeré tí àwọn mẹ́ta jókòó sí nìkan ló padà wálé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí odó ìsàlẹ̀ yóò fi kúrò, èyí tó kù ti ń sáré lọ fúnra rẹ̀, kò gbára lé e mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n á sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan. Bọ́ọ̀lù ńlá ni ayé, kékeré ni òṣùpá. Ẹ pe ọmọ kan pé kó gbé òṣùpá dúró sí ibi tó rò pé ó wà. Á dúró ní ìwọ̀n apá kan. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà náà ń ṣe é. Ẹ ní kó máa lọ. Kó tún máa lọ. Bí ayé bá jẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn, mítà mẹ́fà àtààbọ̀ ni òṣùpá wà sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìparí kíláàsì. Ẹ wá bi wọ́n pé ibùdó òfurufú àgbáyé ńkọ́, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé láti ọdún 2000. Ẹ fi ìka kékeré kan lé bọ́ọ̀lù ńlá náà lára: kò tó nínípọn ìka yìí. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni, ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Kumasi dé Tamale. Tí títì Tamale bá lè dìde dúró, ẹ ó wa ọkọ̀ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn ọmọ á ní, ó dáa, bí ó bá sún mọ́ wa tó báyẹn, kí ló dé tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń léfòó? Ọ̀pọ̀ àlejò á dáhùn pé kò sí òòfà ilẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní ibi gíga yẹn, òòfà ilẹ̀ ṣì lágbára tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ìsàlẹ̀ níbí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń jábọ́. Wọ́n ń jábọ́ ní gbogbo ìgbà, àmọ́ eré tí wọ́n ń sá pọ̀, 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, débi pé bí wọ́n ṣe ń já wálẹ̀ ni ilẹ̀ ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ kúrò lábẹ́ wọn. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń yí ayé ká, oòrùn sì ń là fún wọn ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rìndínlógún lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò ní jẹ́ kí ọmọ gba èyí gbọ́. Ẹ wá ìgò omi oníke tó ti ṣófo. Ẹ fi ìṣó lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka dí ihò, ẹ pọn omi kún un, ẹ má dé e. Ẹ jáde sí àgbàlá, ẹ gun orí àga, ẹ sì mú ìka kúrò. Omi á máa tú jáde fìì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí i. Ẹ wá sọ pé: “Mo fẹ́ jù ú sílẹ̀. Kí ni omi yóò ṣe?” Kíláàsì á pín sí méjì, ariwo á sọ. Ẹ jù ú sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí ìgò ń já bọ̀, omi ò ní jáde láti ihò yẹn rárá, nítorí ìgò àti omi jọ ń jábọ́ pọ̀, ọ̀kan ò tẹ èkejì mọ́. Bí arìnrìn-àjò òfurufú àti ilé tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń jábọ́ pọ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó burú jù nínú kíláàsì gun àga kó jù ú. Mo fẹ́ràn ìgò yìí ju gbogbo fídíò NASA lọ. Kò gba iná, owó rẹ̀ ò sì tó ohun tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ó yẹ kí ìdajì àkókò jẹ́ ti ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ẹ ṣe sùúrù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ á jẹ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ má sì yí i dà. Ẹ dá a lóhùn: afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń fà á lọ nítorí omi ò lè dà wálẹ̀ níbẹ̀; wọ́n sì ń sẹ́ ìtọ̀ àti òógùn àti èémí wọn padà di omi mímu. Ní 2023 ni NASA kéde pé àwọn ti lè gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà padà. Àwọn ọmọ á pariwo “éèwọ̀!” Ibẹ̀ ni ẹ ti rí wọn mú.

Ní ilé-ìwé Zongo, ọmọ kan á béèrè pé báwo ni Mùsùlùmí ṣe ń kírun lókè níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ò ronú kàn án. Sultan bin Salman ti Saudi Arabia lọ ní 1985, òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó dé òfurufú. Ní 2007, Sheikh Muszaphar Shukor ti Malaysia wà níbẹ̀ nínú oṣù Ramadan, àwọn àlùfáà orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ti jókòó kọ ìlànà fún un: kó kọjú sí Kaaba bó bá ṣeé ṣe, bí kò bá ṣeé ṣe kó kọjú sí ayé, bí ìyẹn náà ò bá rọrùn, ibikíbi tó bá kọjú sí. Ọmọbìnrin kan á béèrè tirẹ̀ náà, pé ṣé obìnrin máa ń lọ. Ẹ sọ fún un nípa Mae Jemison, dókítà tó tọ́jú aláìsàn ní Sierra Leone àti Làìbéríà kó tó di pé ó gòkè ní 1992, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé òfurufú.

Bí wọ́n bá wá béèrè pé, “Àwa ńkọ́?”, ẹ ní ìdáhùn tó dáa. Ní Koforidua, ní All Nations University, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Benjamin Bonsu, Ernest Teye Matey àti Joseph Quansah, kọ́ GhanaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti Gánà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Kyutech ní Japan. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọdé lè gbé e dání. Wọ́n tilẹ̀ ṣe é kó lè fi orin ránṣẹ́ sílẹ̀ lórí rédíò. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e kúrò ní Florida, láti orí pèpéle kan náà tí àwọn tó lọ sí òṣùpá ní 1969 ti gbéra. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, wọ́n tú u sílẹ̀ láti ibùdó òfurufú. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ gbọ́ o: kò nìkan lọ. Nigeria EduSat-1, ti yunifásítì FUTA tiyín, wà nínú àpótí ìrìn-àjò kan náà pẹ̀lú ti Japan, Mongolia àti Bangladesh. Ọmọ Gánà àti ọmọ Nàìjíríà jọ gòkè lọ́jọ́ kan náà, wọn ò jà lórí jollof. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ààrẹ Akufo-Addo ṣí ẹ̀rọ agbọ́ràwọ̀ tó wà ní Kuntunse lẹ́bàá Accra, àwo ìgbóhùn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32, tí wọ́n ń fi gba tẹlifóònù ilẹ̀ òkèèrè tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di etí tó ń gbọ́ ìràwọ̀. Ẹ má ṣì í gbé fún Kuntanase ti Bosumtwi; mo ti gbọ́ tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀.

Mo ti sọ pé ogún ìṣẹ́jú ni. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo èyí ò gbà, ẹ ju ohun tó wù yín nù nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má ju Bosumtwi nù, ẹ má sì ju ìgò. Ẹ sọ ọ́ ní Twi bí Twi bá yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ìwé lè dúró dìgbà ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà tí ẹ fẹ́ olùrànlọ́wọ́, ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú fún Áfíríkà wà nínú Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1998. Ní Kumasi, ẹ lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì KNUST.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn pátápátá tí ọ̀sán sì dòru ní Accra àti Cape Coast. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2027, òṣùpá yóò tún kọjá níwájú oòrùn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òrùka iná yóò sì hàn ní àwọn apá kan láti Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ títí dé Nàìjíríà. Àwọn tí kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀ yóò rí i tí oòrùn dà bí ẹni tí wọ́n bù jẹ. Ọjọ́ Sátidé ni. Ilé-ìwé ò ní sí, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òbí ni àwọn ọmọ yóò wà. Awò aláwọ̀ dúdú ti ọjà ò tó, fíìmù X-ray ò tó, wíwo oòrùn nínú omi abọ́ náà ò tó. Ẹ tètè béèrè ojúlówó awò ìwòòrùn lọ́wọ́ ilé-ìwé tàbí yunifásítì, kí ẹ rà á fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé.